A O TA OKE WA

Nígbà tí aṣojú àwọn afọ́kùúta kúnlẹ̀ sáàárín ilé ìpàdé, gbogbo ará Ìdó-Àsálà rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀. Inú wọn dùn. Àwọn obìnrin tó jókòó níwájú ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dóyìn ni orúkọ aṣojú náà, kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, odidi oṣù mẹ́ta ló sì fi bá wọn du Òkè Àsálà láìsọ ọ̀rọ̀ àìdaa kan sí ẹnikẹ́ni. Bó bá pàdé àgbà lọ́nà, á kúnlẹ̀. Bó bá bá wọn nídìí oúnjẹ, á ní òun ti yó. Ọ̀tá tó mọ̀wà hù máa ń súni, nítorí kò sí ibi tí èèyàn á ti rí i bú.

Olóyè Adégòróyè, alága Ẹgbẹ́ Aṣọ́kè, na ọwọ́ sí i. Òun ló kó ìlú jọ láti dáàbò bo òkè náà, ó sì ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun kiri lẹ́nu láti àná.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ìjà ti parí. Ṣebí bí a bá jà tán, a ó tún máa kí ara wa."

"Ẹ ṣeun, sà." Dóyìn kò tíì dìde. "Ilé-iṣẹ́ wa ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú. A ò mọ̀ pé ẹ máa gbà fún wa wẹ́rẹ́ báyìí. Gbogbo ohun tí a ṣèlérí la máa ṣe, sà. Kò ní sí ọ̀kan tó máa yẹ̀."

Tísà Ìbíwùmí, tó jókòó ní ìlà kejì, gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka gbá etí kejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wọ̀tún wòsì, ó rí i pé gbogbo èèyàn ló ń gbá tiwọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rú èèyàn lójú ní Ìdó-Àsálà, etí kejì lẹni náà á kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju hóró ẹ̀pà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kì í bọ etí kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ìlú. Láti ọdún tí ooru ti ń pa adìẹ lórí ẹyin ni ìjọba ti ri fáànù ràgàjì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń fẹ́. Ariwo wọn dà bí òjò ńlá tó ń bọ̀ tí kì í dé. Etí kejì ló ń ṣa ọ̀rọ̀ èèyàn jáde nínú ariwo náà, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Kò sí etí kejì tó bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yìí. Olóyè Adégòróyè yí padà sí Etí Ìlú, ẹ̀rọ ìjọba. Ara ògiri ló wà, níbi tí wọ́n máa ń gbé àwòrán àwọn ọba kọ́ láyé àtijọ́, ó dúdú, ó sì fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì. Òun ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, òun náà ló ń darí gbogbo etí kejì tó wà nílùú. Àwọn tó ṣe é kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, Olóyè," Etí Ìlú ní. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Gbólóhùn yín ti wọlé, ìtẹ̀ka ẹgbẹ̀rún méje ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ ó ta òkè yín. Etí ti gbọ́. Bí aago méjìlá bá ti lù, ó di òfin fún ọgọ́rùn-ún ọdún."

Bàbá kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀rọ náà ti ń kọ́ àpárá dídá. Nígbà tí kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Tàwàkàlítù ló kọ́kọ́ rí ohùn sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń sin oyin lẹ́sẹ̀ òkè ni, ọ̀rẹ́ Ìbíwùmí láti ìgbà èwe, kì í sì í bẹ̀rù ẹ̀rọ tàbí èèyàn.

"Ta ló ní a ó tà á?" ó béèrè.

"Ẹ̀yin náà ni, Mà," Etí Ìlú dáhùn, ó sì gbé gbólóhùn ìlú jáde sójú ara rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta: A O TA OKE WA.

Gbogbo wọn kà á. Wọ́n kà á bí wọ́n ṣe ti ń kà á láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a ò ta òkè wa, ó sì yé wọn yékéyéké. Wọ́n ní ṣebí ohun tí àwọn kọ náà nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ wò ó dáadáa. Olóyè Adégòróyè tilẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìbíwùmí nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ó ti rí i. Lẹ́tà kejì, ọ̀kan ṣoṣo tó dá dúró láàárín, wà níhòòhò ọmọlúàbí. Kò sí àmì lórí rẹ̀. Bí a bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ìlú ò tà. Bí a bá fi àmì òkè sí i, ìlú ó tà. Òun ló kọ ọ́. Nínú gbogbo ìlú, nínú gbogbo ayé tí Ọlọ́run dá, òun Ìbíwùmí ló kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè ní kí ló tóbi níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, kí ìjọba tó ní kò sídìí fún un mọ́. Màmá Àmì ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá kọ ìwé ìsinmi pé ara òun kò yá tí kò fi àmì sí i, á ní kó lọ tún un kọ kó tó lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní nígbà tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i, ńṣe ló fi bírò pupa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó sì dá a padà, ó fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Òun fúnra rẹ̀ kì í jiyàn ìtàn náà. Márùn-ún ló ní òun fún un.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá kọ gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù lọ láyé ìlú rẹ̀ láìfi àmì sí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò tilẹ̀ ní ìtàn nínú. Òfin kò gbà ju gbólóhùn kan lọ lọ́wọ́ ìlú kan. Láyé àtijọ́ ìwé ẹ̀hónú máa ń gùn, ìjọba kì í sì í kà á, ní báyìí wọ́n ń kà á, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́, èrò tó fẹ́ tẹ̀ka tò láti ilé ìpàdé dé ẹnu mọ́ṣáláṣí, oòrùn sì ń jó wọn lórí. Kíbọ́ọ̀dù ilé ìpàdé ti gbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn máa ń tẹ̀ ẹ́ kó tó gba àmì kan, bó bá wù ú, á kọ̀. Ìbíwùmí ti ń bá àmì àkọ́kọ́ jà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tí Olóyè Adégòróyè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Tísà, ta ni kò mọ ohun tí à ń sọ nínú ayé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ka ká lọ jẹun." Èrò rẹ́rìn-ín. Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín. Ó wù ú kó jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun náà kò yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sì ti rí ìkìlọ̀ gbà tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ láìsí àmì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ òkè, ìjọba rò pé aṣọ òkè ni wọ́n ń hun. Wọ́n fi òwú ránṣẹ́ sí wọn, àpò méjìlá, pẹ̀lú ìwé ìkíni kú oríire. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìlú fi rẹ́rìn-ín. Òwú náà ni wọ́n fi so iṣu mọ́ òpó lọ́dún yẹn. Ìlú tó bá mọ ẹ̀rín rín jù, àfàìmọ̀ kó má rẹ́rìn-ín kọjá ilé ara rẹ̀.

Ìbíwùmí dìde níkẹyìn. Ó di àga iwájú mú.

"Kí ló mú kí o kà á báyẹn?" ó bi Etí Ìlú. "Àmì ò sí níbẹ̀. Kí ló dé tí o kò mú u sí a ò?"

"Inú ìwé yín ni mo ti kọ́ èdè yín, Mà," ẹ̀rọ náà dáhùn jẹ́jẹ́. "Ìwé ìkéde, pátákó ìbò, gbogbo ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ síra yín láti ọgọ́rin ọdún. Díẹ̀ ni àmì wà lórí rẹ̀ nínú wọn. Níbi tí àmì kò bá sí, ohun tí ẹ sábà máa ń sọ ni mo máa ń mú. Àwọn tó ń du ipò ló kọ ọ́ jù. A ó ṣe ọ̀nà. A ó gbé omi wá. A ó fún yín ní iná. Nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni a ó."

Ọ̀nà kò jáde, omi kò dé, iná kò tàn, ṣùgbọ́n ìlérí tí baba wọn ti gbàgbé ti wọ inú ẹ̀rọ lọ, ó sì ti di òfin lé wọn lórí. Ojú ti àwọn àgbà tí kò tilẹ̀ ṣe òṣèlú rí. Àwọn tó ṣe é láàárín wọn ń wo ìsàlẹ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá yé wọn tán, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Òkè Àsálà kì í ṣe ti ẹnì kan. Kò sí ìdílé tó lè ní baba ńlá òun ló ni ín, nítorí gbogbo baba ńlá ibẹ̀ ló jọ sá gùn ún nígbà ogun. Ihò ọlọ tí àwọn ìyá wọn fi lọ ọkà lọ́jọ́ ìpọ́njú ṣì wà lára àpáta títí dòní, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, àìmọye ìgbà ni Ìbíwùmí ti kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú fi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé ariwo fáànù kì í dé ibẹ̀. Bí èèyàn bá gùn ún kọjá ilé oyin Tàwà, ó lè yọ etí kejì kó fi í sápò. Á gbọ́ ẹyẹ. Á gbọ́ ohùn aya rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Tọkọtaya tó bá ń jà, òkè ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ parí rẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń parí rẹ̀. Òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ni àwọn afọ́kùúta rí nínú rẹ̀. Katakata wọn ti wà lẹ́sẹ̀ òkè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Olóyè Adégòróyè béèrè bóyá a lè tún gbólóhùn náà ṣe.

"Ó ṣeé ṣe, sà," Etí Ìlú ní. "Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè dìde sọ pé òun ṣì í kọ. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a ó pa gbólóhùn náà rẹ́. Ìlú á wá fi ẹnu ara wọn sọ òmíràn níwájú mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀ta ohùn, kí aago méjìlá tó lù. Ohùn akọ̀wé náà yóò kúrò nínú Etí."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí láé, sà. Nígbà kan rí, àwọn ìlú máa ń ta ilẹ̀, wọ́n á gbowó, wọ́n á wá ní akọ̀wé ló ṣì í kọ."

Gbogbo wọn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Sàlámì télọ̀ jẹ́rìí èké lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Etí sì yọ ohùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí etí kejì tó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń rí i lọ́jà tí ẹnu rẹ̀ ń lọ wùyẹ̀wùyẹ̀. Nígbà tó yá, kò ya ẹnu náà mọ́. Ìwé ló ń kọ fún èèyàn báyìí, àwọn tó bá sì ń kánjú kì í dúró kà á.

Ìbíwùmí kò ronú kan Sàlámì. Ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni Màámi, ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Kò lè ka ìwé tí ẹnikẹ́ni bá kọ. Láràárọ̀, bí Ìbíwùmí bá ti ṣílẹ̀kùn yàrá, Màámi á béèrè pé ta nìyẹn, ó sì mọ ẹni náà dáadáa. Ìbíwùmí á ní èmi ni. Màámi á ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn." Kò sí oòrùn mìíràn lójú arúgbó náà. Bí ohùn ọmọ rẹ̀ bá kúrò, ta ni yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́? Wọ́n á sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa fọwọ́ wá ojú rẹ̀ kiri bóyá irọ́ ni wọ́n ń pa.

Olóyè Adégòróyè rọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀, pé kò sẹ́ni tó máa dárúkọ rẹ̀, pé àwọn á gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù ńlá. Ìbíwùmí bi í pé ọdún mélòó ni kóòtù ńlá ń gbà. Ó ní bíi mẹ́ta. Ìbíwùmí tún bi í pé kí ni yóò ṣẹ́ kù lára òkè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ara Olóyè kò gbà á mọ́, nítorí ó rántí ẹni tó ní ká tẹ̀ka ká lọ jẹun.

Dóyìn pàápàá ti dìde lórí ìkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó wá sọ́dọ̀ Ìbíwùmí, ó ní òun kò mọ̀, òun rò pé wọ́n gbà lóòótọ́ ni. "Ẹ ro ti Màmá, Mà," ó ní. "Mo ti jókòó tì wọ́n. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń retí ohùn yín." Ó mọ̀ lóòótọ́, ó ti gbé èso wá kí arúgbó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ Ìbíwùmí lára ju gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ láti oṣù mẹ́ta lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà jókòó.

Tàwà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìbí," ó ní, "mi ò ní parọ́ fún ẹ. Tí o bá sọ ọ́, màá sunkún, ìwọ náà á sunkún. Ṣùgbọ́n tí òkè yẹn bá lọ, kò sí ibì kan láyé mọ́ tí aláìlóhùn ti lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́. Tó bá wà, a ó máa gbé Màmá gun òkè. Èmi àti ẹ. Jímọ̀ Jímọ̀."

Ìbíwùmí wò ó. Ó ronú nípa ìyá arúgbó lórí àga, nínú oòrùn, láàárín ọ̀nà olókùúta, àti àwọn obìnrin méjì tí ọjọ́ orí tiwọn náà kò kéré mọ́ tí wọ́n ń gbé e. Ó ṣeé ṣe kó má ju Jímọ̀ mẹ́wàá lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, Tàwà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú bí i sí Olóyè, inú bí i sí kíbọ́ọ̀dù, èyí tó bí i sí ara rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó fi ọwọ́ Tàwà sílẹ̀, ó rìn lọ síwájú Etí Ìlú.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "Ìbíwùmí Ayọ̀adé. Mo ṣì í kọ."

"Ṣé kò sẹ́ni tó tì yín sí i, Mà?"

Olóyè Adégòróyè di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí. Ìbíwùmí ní rárá, òun mọ àmì tó yẹ kó wà níbẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun sì fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, òun ni òun kò fi sí i.

"Ẹ bá wa pè é bó ṣe yẹ kó rí, Mà, kó wà nínú àkọsílẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "A ò ta òkè wa," ó ní, ọ̀rọ̀ náà sì jáde kedere, kálukú gbọ́ ọ, tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbọ́," Etí Ìlú ní. "Ẹ kú iṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá, Mà. Ó dàbọ̀."

Ìbíwùmí ní ẹ ṣeun. Nígbà náà ló rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un tẹ́lẹ̀, tí Sàlámì télọ̀ kò sì rí ẹnu sọ. Kò gbọ́ ara rẹ̀. Ètè rẹ̀ lọ, ọ̀fun rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n nínú etí rẹ̀ kò sí nǹkan kan. Ó tún sọ ọ́. Ó pe orúkọ ara rẹ̀. Ó pe Màámi. Ó yọ etí kejì, ariwo fáànù bò ó mọ́lẹ̀, kò gbọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ó dà bí ẹni tó wo dígí tí kò bá ojú níbẹ̀. Ó dá etí kejì padà, ó fara ti ògiri, Tàwà sì di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló lù. Kò sáyè fún ẹkún. Olóyè Adégòróyè ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú Etí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà tò tẹ̀lé e. Wọ́n ń sọ ọ́ kánkán, Etí ń kà á: ọgọ́rùn-ún, igba, igba ó lé ogójì. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé omi wá fún èrò.

Ìgbà tó kan àwọn ọ̀dọ́ ni nǹkan yí padà. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ omi bọ́ síwájú, ó gbé orí sókè, ó ní, "A o ta oke wa."

"Ẹ ó tà á," Etí ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá lọ. Etí kọ ọ́ sí ìhà àwọn tó fẹ́ tà.

Ẹnu ya gbogbo ilé. Àwọn àgbà ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ nínú ilé ara wọn. Láti ìgbà ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀rọ ti ń bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀, ilé-ìwé kò sì kọ́ wọn lédè mọ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni ń ka nọ́ńbà. Nínú ilé, ìyá wọn mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Etí Ìlú kò mọ̀ ọ́n. Àgbà ti tán lórí ìlà, ọ̀dọ́ tó kù sì lé ní irínwó.

Ariwo sọ. Gbogbo àgbà ló ń kígbe a ò lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n etí kejì kì í gba ohùn méjì pọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Olóyè pè é fún ẹni tó kàn, géńdé kan tó ń jẹ́ Kóyèjọ́ tó ń tún fáànù ṣe, ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ó ní kó ní a ò. Kóyèjọ́ ní a o. Ó ní rárá, a ò. Kóyèjọ́ ní ohun tí òun sọ náà nìyẹn, sà. Òógùn bò ó. Òtítọ́ ni, ohun kan náà ló ń gbọ́. Ẹni tí wọn kò kọ́ kò lè gbọ́ ọ.

Ìbíwùmí ya ẹnu láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ó tún gbìyànjú rẹ̀. Tàwà ń wo ètè rẹ̀, ó ń mi orí pé òun kò gbọ́. Ní ọjọ́ tí ìlú nílò Màmá Àmì jù lọ, kò sí ohùn lẹ́nu Màmá Àmì.

Ó rìn lọ dúró láàárín Kóyèjọ́ àti ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí iwájú àyà, ó tẹ́ ẹ. Re. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìbàdí. Dò. Ó gbé e padà sí àyà. Re. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dò, dò, ó sì dá a padà. Báyìí ló ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì kí wọ́n tó mọ̀wé rárá. Kóyèjọ́ ń wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bá òun ṣe. Ó mú ọwọ́ ọmọkùnrin náà, ó fi sí abẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe é. Ó tún un ṣe. Nígbà kẹta, ètè Kóyèjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọwọ́, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ètè, ó ń wọ́ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà nínú òkùnkùn.

"A," ó ní. Ọwọ́ lọ sílẹ̀. "Ò." Ojú rẹ̀ là. "A ò ta òkè wa."

"Ẹ ò tà á," Etí Ìlú ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Lórí ìlà, àwọn ọ̀dọ́ ti ń nàró wò, ọwọ́ àwọn kan ti ń lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ti ń bẹ Olóyè kó jẹ́ kóun padà. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

"Ẹ ṣé, Mà," Kóyèjọ́ ní.

Ìbíwùmí ní kò tọ́pẹ́. Kóyèjọ́ kò gbọ́ ọ, òun náà kò sì gbọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó kàn ti dúró síwájú rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń dúró dè é.